Megapixel kọ́ ló ń ya fọ́tò

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìdána kan ní Ìbàdàn, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ wá dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó. Ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni. Mò ń pààrọ̀ bátìrì lọ́wọ́. Ó wo kámẹ́rà mi tí rọ́bà ara rẹ̀ ti ṣí, tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ padà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ má bínú o, Bàbá Fọ́tò. Megapixel mélòó ni eléyìí?"

"Méjìlá."

"Méjìlá kẹ̀! Fóònù ọwọ́ mi yìí, 108 ni!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí ìyá ìyàwó tètè lọ gba owó rẹ̀ padà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, torí wọn ò tíì san báláǹsì mi. Àmọ́ inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Oníbàárà á pè, kò ní bèèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò ní sọ pé kí n fi fọ́tò kan han òun. "Kámẹ́rà wo lẹ ń lò?" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ta ló bi télọ̀ tó rán aṣọ ọrùn yín pé máṣíìnì wo ló fi rán an?

Mo ní kí ọmọkùnrin yẹn ṣí fọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, kó tẹ ibi tí fóònù ń kọ àlàyé fọ́tò sí. Ó tẹ̀ ẹ́. 4000 × 3000 ló wà níbẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́ di púpọ̀ fún mi. Mílíọ̀nù méjìlá ojú kéékèèké, megapixel méjìlá nìyẹn, torí mílíọ̀nù kan ni megapixel kan. Iye tó wà nínú kámẹ́rà arúgbó tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn: Nikon D700, tó jáde ní 2008, 4256 × 2832.

Ó ní àfi bíi pé fóònù òun ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ibi tí fóònù fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kò tó èékánná àtàǹpàkò. Ti kámẹ́rà mi jẹ́ mìlímítà 36 ní gígùn, 24 ní ìbú. Àwọn tó ń ṣe fóònù wá kó ojú kéékèèké mílíọ̀nù 108 sórí ibi tí kò tó èékánná. Ọbẹ̀ kò pọ̀ sí i, àwọn tó jókòó tì í ló pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń di wọ́n ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, kí mẹ́sàn-án máa ṣiṣẹ́ ẹyọ kan. Ẹ pín 108 sí ọ̀nà mẹ́sàn-án. Àwọn tó ń ta fóònù mọ̀ bẹ́ẹ̀, 108 ni wọ́n ṣì ń kọ gàdàgbà sára páálí.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pàápàá lẹ́nu. Ẹni tó kúrò lórí megapixel 12 bọ́ sórí 24 gbà pé fọ́tò òun ti mú ní ìlọ́po méjì. Irọ́ ni. Ẹ ronú sí ilẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan ní Ìbàdàn, 50 sí 100 ni. Bí ẹ bá fẹ́ kó gùn ní ìlọ́po méjì, kó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, 100 sí 200 ni yóò dà, púlọ́ọ̀tì mẹ́rin lẹ sì máa san owó rẹ̀. Bákan náà ni megapixel. Kí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò tó lè gùn ní ìlọ́po méjì sí ti 12, ẹ nílò 48. Ẹni tó ta ọ̀kadà rẹ̀ láti kúrò lórí 24 bọ́ sórí 45, ẹ̀gbẹ́ fọ́tò rẹ̀ kò fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta àti díẹ̀ lọ gùn sí i. Ọ̀kadà sì ti lọ.

Níbo gan-an sì ni fọ́tò yẹn ń lọ? Instagram kì í gbà ju 1080 lọ ní ìbú. Fọ́tò olóòró tí wọ́n ti ń gbà tipẹ́, 1080 × 1350, kò pé mílíọ̀nù kan àbọ̀. WhatsApp á tún fún un pọ̀ bí ẹ̀bà kó tó gbé e lọ. Fọ́tò 8×10 tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, mílíọ̀nù méje ó lé díẹ̀ ti tó o, tó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń fọ fọ́tò mọ iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sílẹ̀. Ohun tó ba fọ́tò jẹ́ ní Sátidé yẹn kò ní megapixel nínú rárá. Kanopí búlúù ni wọ́n ta. Oòrùn ọ̀sán ń gba inú rẹ̀ kọjá, gbogbo ará ibẹ̀ sì dà bí ẹni tí wọ́n rẹ sínú aró. Ojú ìyàwó búlúù, eyín rẹ̀ búlúù, aṣọ òkè aláwọ̀ wáìnì tó ná wọn lówó gọbọi ti di dúdú kirikiri. Ẹ lọ wo fọ́tò tí wọ́n yà lábẹ́ kanopí yẹn, ti fóònù àti ti ọmọkùnrin kejì tí ẹbí ọkọ gbà, tó gbé kámẹ́rà méjì kọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ ló búlúù.

Ohun tí mo ṣe kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo mú ìyàwó ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí etí kanopí, mo kọjú rẹ̀ sí ìta níbi tí ògiri funfun ilé wọn ti ń da ìmọ́lẹ̀ padà, mo ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ kí òjìji gèlè kúrò lójú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọ ẹyinjú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ọrùn rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré, mo ní kó máa lọ jókòó.

Ìyẹn ni iṣẹ́. Ní 1991 tí mo lọ kọ́ ọ ní Mọ́kọ́lá, ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà fún oṣù kan àbọ̀. Ìkòkò dúdú kan ni wọ́n gbé síwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi òróró pa á lára, wọ́n ní kí n máa wò ó. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á bèèrè: "Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀? Ibo ló ti kọ́kọ́ bà á? Ibo ló ti ṣú?" Mo rò pé bàbá náà fẹ́ fi mí ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lásán ni. Nígbà tí wọ́n wá gbé Yashica fún mi, fíìmù kan, fọ́tò méjìlá, tí mo bá fi ọ̀kan ṣòfò wọ́n á yọ ọ́ lára owó oúnjẹ mi, ni mo tó mọ ohun tí ìkòkò wà fún. Awọ ara wa ni ìkòkò yẹn. Awọ dúdú máa ń dán, ibi tó ti dán ló ń fi bí ojú ṣe rí hàn, ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló sì ń mú un jáde. Fíláàṣì orí kámẹ́rà, tí wọ́n ń yìn pàá sójú èèyàn lọ́ọ̀ọ́kán, á sọ ojú di pẹlẹbẹ bí àwo.

Ẹ tún wo ọkọ ìyàwó tó wọ agbádá funfun. Kámẹ́rà, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó dá ronú, àwọ̀ eérú ló ń wá. Bó bá rí funfun rẹpẹtẹ, á ní iná ti pọ̀ jù, á dín in kù. Agbádá á di àwọ̀ eérú, ojú ọkọ ìyàwó á di èédú. Ti 12 ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti 45 ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ tó ra mọ́tò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fi stop (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni) kan tàbí kan àbọ̀ kún un.

J.D. 'Okhai Ojeikere, fọ́tógíráfà ọmọ Nàìjíríà, fi kámẹ́rà Brownie D bẹ̀rẹ̀ ní 1950, àpótí lásán ni ọmọ òde òní máa pè é. Ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba nídìí ìròyìn ní Ìbàdàn níbí, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa, irun dídì, irun kíkó, dúdú àti funfun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, ẹ̀yìn orí sì ni púpọ̀ nínú wọn. Mo ti dúró síwájú ọ̀kan nínú wọn rí. Èèyàn á fẹ́ẹ̀ lè ka ìlà ìyarun lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé wọn dé Paris ní 2000, wọ́n gbé wọn dé Venice ní 2013, bàbá sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Seydou Keïta, fọ́tógíráfà Bamako ní Mali ńkọ́? Brownie ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan gbé bọ̀ fún un láti Senegal ní 1935. Nígbà tó wá ní ilé fọ́tò tirẹ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń ta sẹ́yìn oníbàárà, oòrùn àgbàlá ni iná rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń tẹ kámẹ́rà fún èèyàn kan torí fíìmù wọ́n.

Ẹ̀yin amòye á ní fíìmù fífẹ̀ ló wá ń lò nígbà tó yá, 13 sí 18 sẹ̀ǹtímítà, àti pé ìyẹn ju 45 lọ. Mo gbà. Ẹ gbé e fún oníkámẹ́rà méjì ọjọ́ Sátidé yẹn, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kó tẹ̀ ẹ́.

Torí àwọn ẹgbẹ́ mi gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ìkómọ lásán, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fọ́tò! Wọ́n á yá kámẹ́rà ńlá torí kí oníbàárà lè rí i, wọ́n á fi ya gbogbo ihò ara àti gbogbo irun imú, wọ́n á délé, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ìdílé kan gbé férémù bàbá wọn wá bá mi nígbà kan, fọ́tò ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá, àbàjà gún régé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Fọ́tógíráfà ti nù ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ń dán bí abọ́ tánganran. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, "Ta nìyí?" Wọ́n ní ṣé mo lè dá ilà náà padà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọlà fún bàbá lọ́dún ọgọ́rin?

Ẹni tó ń ya ẹyẹ lókèèrè tó sì fẹ́ gé ibi tí ẹyẹ wà yọ, tàbí tó ń ya aṣọ fún ìpolówó tó fẹ́ kí òwú kọ̀ọ̀kan yọ, kó ra 45. Kámẹ́rà tuntun sì ń ríran lókùnkùn ju tèmi lọ, mi ò lè jiyàn. Ó parí.

Èmi náà ti gbàgbọ́ nínú rẹ̀ rí, kí ẹ má rò pé ìlara ni. Mo yá 45 kan láti fi ṣe ìgbéyàwó torí ìyá ọkọ ní òun fẹ́ "kámẹ́rà gidi". Mi ò mọ inú rẹ̀ dáadáa. Káàdì 32GB tó wà nínú rẹ̀ kò gba tó 500 fọ́tò kó tó kún, ìgbà tí ọkọ àtìyàwó ń jó wọlé gan-an ló sì kún. Mo ń wá káàdì kejì nínú báàgì, owó ń fò lókè, onílù ń ki wọ́n. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, wọ́n ti jókòó. Mo gbé D700 jáde fún ìyókù òde náà, mo lọ dá ti èkejì padà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì fi owó tí mi ò bá tún fi yá a ra lẹ́ǹsì mìlímítà 85 tó wà lẹ́nu kámẹ́rà mi di òní.

Lẹ́ǹsì yẹn ni mo fi ya ìyàwó létí kanopí. Lọ́jọ́ Túsìdeè, nọ́ḿbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Ọmọkùnrin 108 ni. Ó ní òun rí fọ́tò ìyàwó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun, ó ní jọ̀ọ́, èyí tí mo ya òun àti ọkọ ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ńkọ́, òun fẹ́ fi ṣe dp. Mo ní kó wá gbé e ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú flash drive, kó lè pé.

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ kàn bá mi fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp."