Kíkun gìtá béèsì lọ́tun: kò dìgbà tí ẹ bá ha á dé igi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ kun gìtá béèsì lọ́tun gbọ́dọ̀ ha ọ̀dà àtijọ́ dé ara igi, kó sì so okùn padà lọ́jọ́ kejì. Bí ọ̀dà àtijọ́ ò bá tíì sán tàbí bó, ẹ fi sáńpépà 320 (èyí tó kúnná) ha á fẹ́rẹ́, kí dídán rẹ̀ kú, kí tuntun lè rí nǹkan dì mú. Políẹ́sítà, ìyẹn ọ̀dà oníke ara ọ̀pọ̀ gìtá òde òní, le bí àwo (mo ti ha á rí, n ò tún jẹ́).

Ti ọjọ́ kejì yẹn ló burú jù. Láká nitrocellulose, irú ọ̀dà dídán kan tí wọ́n ń fín sára gìtá, tètè ń gbẹ lójú, àmọ́ inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 kẹ́ ẹ tó nù ún kó máa dán, kẹ́ ẹ sì tó so okùn padà. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti fín in o, kó jìnnà sí iná.