Oògùn tí à ń sá fún kọ́ ló ń di bárakú

"Má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ sórí oògùn ọpọlọ o. Ẹni bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó di títí ayé nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo fi ìwé tí dókítà kọ hàn án. Kò gbèrò ibi sí mi. Gbólóhùn yìí wà lẹ́nu gbogbo wa, kódà èmi náà ti fi gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn kó tó kàn mí. Kì í ṣe òótọ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé oògùn tó lè di bárakú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an là ń rà ní kẹ́míìsì àdúgbò bí ẹni ra pàrásítámọ̀.

Àìsàn tí mò ń sọ kì í ṣe wèrè. Àìbalẹ̀ ọkàn ni, èyí tó ti kọjá ti owó ilé-ìwé tàbí ti ọmọ tí kò tètè wọlé. Kí n tó dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, àyà mi á ti máa lù kìkì bí ẹni tí ajá lé. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ooru á kún orí mi, nǹkan á máa rìn lábẹ́ awọ orí bí èèrà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lo oògùn ibà láàárín oṣù méjì. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi bóyá àìsàn gẹ̀gẹ̀ ló ń mú àyà mi lù. Wọn ò rí nǹkan kan.

Ìbẹ̀rù wa ní ìdí, mi ò jiyàn. Ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé ìtọ́jú Yábà, ìtìmọ́lé ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nígbà náà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Lantoro l'Ábẹ́òkúta kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí ní 1944. Òfin ayé òyìnbó ló sì ń darí ọ̀rọ̀ wọn títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 tí òfin tuntun dé. Ẹni tó gbọ́ "wọ́n ti gbé e lọ Árò" láti kékeré, báwo ni kò ṣe ní bẹ̀rù? Ṣùgbọ́n Árò kan náà, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí ní 1954, àwọn àti ẹbí wọn. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sílé lálẹ́. Ìyẹn kì í sábà wọnú ìtàn tí à ń sọ fún ọmọ.

Sertraline ni dókítà kọ fún mi. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni escitalopram àti fluoxetine. Wọn kì í ṣe oògùn oorun, wọn kì í pa èèyàn bí ọtí. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ló máa ń gbà kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀, ìnira rẹ̀ sì máa ń ṣáájú oore rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èébì ń gbé mi, orí ń fọ́ mi, àyà mi tún já ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ju oògùn nù, wọ́n á ní ó fẹ́ yí àwọn lórí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún mi ní míligíráàmù 25 kí wọ́n tó gbé e sí 50. Ó máa ń ṣèdíwọ́ fún ìbálòpọ̀ lára àwọn kan. Ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

"Títí ayé" wá ńkọ́? Bárakú ni kí nǹkan máa pe èèyàn, kí ìwọ̀n àná má tó o mọ́ lónìí, kó máa wá a kiri. Èmi máa ń gbàgbé tèmi, ìyàwó mi ló ń rán mi létí. Òótọ́ ni pé bí ara bá ti mọ́ ọn, tí a dá a dúró lójijì, òòyì lè máa kọ́ni, oorun lè dàrú, nǹkan á máa ta fìrì nínú orí bíi pé iná mànàmáná gbé èèyàn. Ohun tí àwọn èèyàn rí tí wọ́n ń pè ní ìdè nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń dín in kù. Ọ̀pọ̀ kì í ní ìnira púpọ̀; fún àwọn kan ó máa ń gba oṣù. Lẹ́yìn tí ara bá ti yá, dókítà sábà máa ń ní ká ṣì lò ó fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Oṣù mọ́kànlá ni mo lò ó, a sì fi oṣù méjì dín in kù títí ó fi tán. Àwọn tí àìsàn náà ń padà wá bá máa ń lò ó pẹ́, bí ìyá mi ṣe ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá mi rí pé wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀.

Ó wá kan Lexotan, èyí tí mo ní à ń rà ní kẹ́míìsì àdúgbò. Bromazepam ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Diazepam, tí a mọ̀ sí Valium, jẹ́ ẹbí rẹ̀. Ìwọ̀nyí máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá, láàárín wákàtí kan ara á ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Adùn yẹn ni ewu rẹ̀. Ọpọlọ á mọ́ ọn lára, ẹyọ kan á di méjì, oorun ò ní wá mọ́ láìsí i. Nígbà tí dókítà bá kọ ọ́, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n máa ń fẹ́ kó mọ. Bí èèyàn bá fi pàrágà tàbí tramadol, oògùn ìrora nì, lé e, èémí lè dúró lójú oorun. Síbẹ̀, ẹni tó ń sá fún sertraline nítorí "títí ayé" lè ní káàdì Lexotan nínú báàgì láti ọdún mẹ́ta.

Tramadol yìí náà kò bá sertraline rẹ́, nítorí náà gbogbo ohun tí ẹ bá ń lò, títí kan àgbo, ni kí ẹ kà fún dókítà. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 25 tó bẹ̀rẹ̀ sertraline nílò ojú tó ń ṣọ́ ọ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí èrò àtipa ara ẹni lè pọ̀ sí i lára àwọn kan nínú wọn.

Bó bá jẹ́ Lexotan lẹ ti ń lò láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù lálẹ́ òní. Dídá a dúró lójijì lè mú gìrì wá. Ẹ mú káàdì náà dání lọ bá dókítà ní Árò, ní Yábà, ní UCH n'Íbàdàn tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n bá yín dín in kù.