UCH nìkan kọ́ ló ń ṣèwádìí

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn dókítà tó wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí yunifásítì náà fi ń kọ́ àwọn dókítà, nìkan ló ń ṣe ìwádìí gidi, pé àwọn onímọ̀ èdè àti ìtàn kàn ń pa àlọ́ ni.

Iṣẹ́ àwọn dókítà náà gan-an ni ká wò. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, wọ́n ṣèwádìí lórí àrùn ìgbàgbé, wọ́n fi àwọn àgbà Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà tí kò kàwé rí, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi bi í léèrè? Àfi kí wọ́n tú ìbéèrè sí Yorùbá tó já gaara. Bí ìtumọ̀ bá wọ́, ẹni tí orí rẹ̀ pé lè dà bí ẹni tó ti ń gbàgbé. Iṣẹ́ èdè nìyẹn o! Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn náà kò wọ́pọ̀ n'Ìbàdàn tó ti ọ̀hún.

Ti ìtàn ńkọ́? Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé gbà pé ìtàn àtẹnudẹ́nu jẹ́ ẹ̀rí. Inú ọgbà yunifásítì náà ni ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ sí wà. Ẹ yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ rí àwọn tó ń ṣí fáìlì àtijọ́ ní ewé-ewé, kó má baà ya.