Orúkọ Kábọ̀n Kọ́ Ló Ń Tu Ọwọ́ Lára

Ẹ bi àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè àti nínú igbó léèrè ìdí tí wọ́n fi ń yọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù dànù, tí wọ́n ń fi ti kábọ̀n, ìyẹn ohun dúdú tí wọ́n fi òwú àti gúlù ṣe, rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan á ní kábọ̀n rọ̀, pé ó máa ń gbé ìgbọ̀nrìrì òkúta mì kó tó dé àtẹ́lẹwọ́. Àwọn mìíràn á ní rárá o, kábọ̀n le ju alumíníọ̀mù lọ, ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ fi ń gbọ́ràn séni lẹ́nu. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹnì kan náà lè sọ méjèèjì kó tó mu ife tíì kan tán, kò sì ní í fura.

Èmi náà wà lára wọn. Sheffield ni mo ń gbé, igbó Wharncliffe tó wà ní àríwá ìlú yìí ni mo sì ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ ní Sátidé. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ rí mọ̀ pé òkúta lórí òkúta ni. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìka mi á ti kú, mi ò ní lè ṣí ìdérí ike omi. Wọ́n ní kí n ra kábọ̀n. Mo rà á, ó sì ju ìlọ́po méjì owó ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sọ̀ kalẹ̀ tí ìka mi fi kú.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dé. Nígbà tó yá, mo gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì wọ ilé ìdáná. Mo fi stem, ìyẹn irin kúkúrú tó ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ara kẹ̀kẹ́, de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ etí tábìlì gírígírí, mo so kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 20 kọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀, ìyẹn kílò 20 gééré, mo wá fi rúlà wọn bó ṣe tẹ̀ wálẹ̀ tó. Alumíníọ̀mù àtijọ́ tẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 4. Kábọ̀n olówó gọbọi yìí ò tẹ̀ tó mìlímítà 3. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo èmi, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ nílùú òyìnbó nìyí.

Ó dáa, ṣé àwọn tó ní kábọ̀n le ló wá jàre? Wọn ò jàre. Mo yá ti ọ̀rẹ́ mi kan wá. Kábọ̀n ni tirẹ̀ náà, àmọ́ wọn ò ṣe é róbótó bíi páìpù omi. Wọ́n mú kó pẹrẹsẹ díẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kẹ́ẹ̀gì kan náà, tábìlì kan náà: ó tẹ̀ tó mìlímítà 5. Kábọ̀n méjì rèé, ọ̀kan le ju alumíníọ̀mù mi, èkejì rọ̀ jù ú lọ. Orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n ò sọ nǹkan kan fún wa.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ibi tí stem ti ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Láyé ọjọ́un, mìlímítà 25.4 ni ibẹ̀ máa ń fẹ̀, lónìí, 31.8 tàbí 35 ló wọ́pọ̀. Alumíníọ̀mù mi jẹ́ 31.8, kábọ̀n mi jẹ́ 35. Mìlímítà mẹ́ta àti díẹ̀ ò dà bí nǹkan gidi lójú, àbí? Ṣùgbọ́n bí páìpù ṣe ń kọ títẹ̀ kì í bá ìfẹ̀ rẹ̀ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà, ó máa ń fò lọ síwájú ni. Ẹ mú páìpù méjì tí wọ́n fi ohun kan náà ṣe, tí ara àwọn méjèèjì nípọn ní mìlímítà 2. Èyí tó fẹ̀ ní 35 á fi nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún le ju èyí tó fẹ̀ ní 31.8 lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn: mo pààrọ̀ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo wá ń gbé gbogbo ẹ̀bi rù ọ̀kan. Ibi tí ọwọ́ wa ń dì mú ńkọ́? 22.2 ni gbogbo wọn níbẹ̀, nítorí bíréèkì àti rọ́bà ìdìmú gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Gígùn rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ra èyí tó gùn ní mìlímítà 800, a ó wá fi ayùn gé e sí 760 kó má baà máa kọ lu igi. Bí ẹ bá yọ ibi tí stem dì mú kúrò, apá kan tó gùn tó 375 tẹ́lẹ̀ ti di 355. Nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló dín kù nínú bó ṣe ń tẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó bá gé tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá ń ráhùn pé kábọ̀n gan, ayùn rẹ̀ ni kó bá wí.

Ọ̀rọ̀ kábọ̀n fúnra rẹ̀ ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ mú ọ̀pá ànkárá kan nílé. Ẹ fà á lóròó bí òwú rẹ̀ ṣe tò: kò ní í nà. Ẹ wá dì í mú ní igun sí igun, kí ẹ fà á bẹ́ẹ̀: á nà bíi rọ́bà. Aṣọ ò yí padà, òwú ò yí padà. Ibi tí ẹ ti fà á ló yàtọ̀. Gbogbo télọ̀ ló mọ èyí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kábọ̀n rí, torí òwú tí wọ́n fi gúlù líle gán pọ̀ ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní iye tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń kọ títẹ̀ àti nínà, GPa ni wọ́n ń kọ sí i. Ti alumíníọ̀mù jẹ́ nǹkan bí 70, ibi yòówù kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Kábọ̀n tí gbogbo òwú rẹ̀ tò lóròó lè tó 135 bí ẹ bá fà á lóròó; ẹ fà á níbùú, nǹkan bí 10 péré ló kù. Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ́ òwú náà ní ìpele ìpele nínú ilé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá tẹ́ púpọ̀ lóròó, ó gan. Bó bá dá púpọ̀ sí igun, ó rọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “kábọ̀n le” dà bí ẹni tó ní “aṣọ fẹ̀”.

Irọ́ tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alumíníọ̀mù náà. Wọ́n á kọ 7075 sára ọ̀kan, wọ́n á kọ 6061 sára èkejì, ìyẹn oríṣi alumíníọ̀mù méjì, ẹni tó ń tà á á ní ti 7075 le jù. Nínú kíkọ títẹ̀, àwọn méjèèjì ò yàtọ̀ tó ohun tí ọwọ́ lè mọ̀. Agbára ni 7075 fi jù ú lọ, ìyẹn ni pé ó pẹ́ kó tó wọ́ tí kò ní í padà bọ̀ sípò. Nítorí agbára yìí, wọ́n lè mú ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ sí i, èyí tó fẹ́lẹ́ yìí á sì máa tẹ̀ ju èyí tó nípọn lọ! Líle ọ̀tọ̀, agbára ọ̀tọ̀.

Títẹ̀ náà kọ́ ni pípa ìgbọ̀nrìrì. Ohun tó tẹ̀ tó sì ta padà bí ọrun ọdẹ, ó dá ohun tó gbà padà fún ọ ni. Mi ò ní í parọ́: gúlù inú kábọ̀n máa ń pa ìgbọ̀nrìrì díẹ̀ ju bí irin ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà ìdìmú, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀kì tó di táyà iwájú mú, tó ń rì ní mìlímítà 150, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tẹ̀ ní mìlímítà 3 tàbí 4. Táyà tó gba orí òkúta lè tẹ̀ wọlé tó 20.

Ìyẹn ni mo fi dá àbúrò mi kan ní Leeds lóhùn nígbà tó pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ń ro mí. Mo ní kí n ra kábọ̀n.”

“Afẹ́fẹ́ mélòó ló wà nínú táyà rẹ?”

“PSI 35, sà.”

Ọmọkùnrin yìí ò wúwo tó kílò 70, táyà rẹ̀ fẹ̀, kò sì ní túùbù nínú. Mo ní kó dín in kù sí 25 lẹ́yìn, kí ti iwájú kéré sí i díẹ̀, kó sì lọ gùn ún kó tó náwó. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló tún pè. Ó ní ọwọ́ òun ti dára, òun ò tilẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́ títí òun fi délé. Mo ní ọpẹ́ ni, owó rẹ̀ ti kù sápò nìyẹn.

Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti rà á ná. Ó dúdú, ó ń dán.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó fi nǹkan bíi 100 giramu fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì dùn ún wò lóòótọ́. Mo ní kó wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára stem, kó má sì fún bóòtù rẹ̀ kọjá iye yẹn.