Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìsìn lókèèrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe yín lálejò nígbà Kérésì

Kí oṣù Kọkànlá tó parí ni wọ́n ti máa ń pè mí láti ilé: "Ìgbà wo lò ń bọ̀ fún Kérésì?" Wọn kì í bi mí bóyá mò ń bọ̀. Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n lè mọ iye adìẹ tí wọ́n máa rà. Mi ò sì lè fi ọ̀nà jíjìn ṣàwáwí. Àjàṣẹ́ ni mo wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù níbí, tó gba ẹnubodè Sèmè, tí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Àgbádárìgì bá ṣàánú ẹ̀, ó lè jẹun ọ̀sán l'Ékòó. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 ò tiẹ̀ jẹ́ ká máa gba físà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ilẹ̀ òkèèrè wo lèyí tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá.

Síbẹ̀ mi ò kì í lọ, mi ò sì ní lọ lọ́dún yìí náà. Èrò ọkàn tèmi nìyí: ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ nítorí Kristi láti lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti ṣọdún. Tó bá sì ń ṣe é níbẹ̀, kó má ṣe bí olówó tó wá ṣàánú. Kó jókòó, kí wọ́n bu oúnjẹ fún un.

Ti pé kéèyàn dúró ò le láti ṣàlàyé. Àìsàn kì í gba ìsinmi. Oṣù Kejìlá lọyẹ́ ń mú, tí ikọ́ ń da àwọn ọmọdé láàmú, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn alùpùpù máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nílé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, àwa olùyọ̀ǹda ara ẹni máa ń pọ̀ títí a ó fi máa kọlu ara wa nínú oṣù Kẹwàá. Tó bá fi máa di ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, ẹ ò ní rí ẹnì kan mọ́. Ta ló kù? Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́ gan-an, tí òun náà lọ́mọ nílé, tóun náà fẹ́ dáná ọdún. A ní ìrànlọ́wọ́ la bá wá, ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ jù la wá ń di ẹrù. Àwa ọmọ Nàìjíríà tún ní ti wa lọ́tọ̀: ọjọ́ 26 jẹ́ ìsinmi lọ́dọ̀ wa, a sì ti gbà pé gbogbo ayé ló ń sinmi lọ́jọ́ yẹn. Ní Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ 25 nìkan ni. Tí ọjọ́ 26 bá mọ́, ọjà ti ná, ọ́fíìsì ti ṣí, àwọn abiyamọ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní ilé lèèyàn ti ń ṣe Kérésì. Ẹ lọ bi àwọn Sẹ̀lẹ́. Àjàṣẹ́ yìí ni wòlíì Oṣọffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1947, títí dòní, tó bá di Kérésì, ńṣe ni ọkọ̀ tó ń lọ sí etíkun Sèmè máa ń funfun báláú fún sùtánà. Ìyá arúgbó, ọmọ ọwọ́, gbogbo wọn ló máa ń lọ láìwọ bàtà. Àwọn ti Nàìjíríà ń kọrí sí Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n sin wòlíì náà sí. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ nítorí ìsìn, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n pé kí ló dé.

Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ayé àtijọ́, náà máa ń wá sí mi lọ́kàn, bóyá nítorí pé ọ̀nà ilé mi gba Àgbádárìgì kọjá. Láti etíkun Gánà lòun àti William de Graft ti wá, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì nínú oṣù Kẹsàn-án 1842. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó padà dé Àgbádárìgì lọ́jọ́ 24 oṣù Kejìlá, ó bá Henry Townsend, ará CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, níbẹ̀. Mẹ́tọ́díìsì lọ̀kan, Áńgílíkà lèkejì, wọ́n jọ ṣe Kérésì. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí fún wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ìwàásù Freeman ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́. Èmi ò lè gbàgbé pé àwọn onílé ló gbà á lálejò.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Mo mọ ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda kan, mi ò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n dúró ṣọdún lóòótọ́. Wọ́n ra ìrẹsì, wọ́n ti géètì pa, wọ́n tan orin, wọ́n jẹ ẹ́ láàárín ara wọn. Kí wọ́n tó tì í, wọ́n ti pín ẹ̀bùn: wọ́n to àwọn ọmọ àdúgbò sórí ìlà nínú oòrùn, wọ́n dé fìlà pupa Baba Kérésì fún wọn nínú ooru yẹn, ẹni tó ń na bisikíìtì sí ọmọ kọjú sí fóònù, kò kọjú sí ọmọ. Àwọn ìyá wọn dúró sẹ́yìn ògiri, kò sẹ́ni tó kí wọn.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá Àjàṣẹ́ ló jẹ́ Mùsùlùmí. (Mọ́sálásí ńlá wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ lọ́nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún.) Àlàájà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló wá bi mí lọ́jọ́ kejì.

"Ọmọ mi, àwọn èèyàn yín wọ̀nyẹn, ṣé wọ́n ń bínú sí wa ni?"

"Rárá o, Àlàájà. Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?"

"Nígbà Iléyá, èmi ni mo gbé ẹran dé ẹnu géètì wọn. Ọdún tiwọn dé, òórùn ọbẹ̀ nìkan la gbọ́."

Mi ò rí èsì kankan fọ̀, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Nílé tiwa ní Nàìjíríà, ta ló jẹ́ dáná Kérésì kó má gbé abọ́ lọ fún Mùsùlùmí tó múlé tì í? Kí ló dé tá a fi gbàgbé rẹ̀ nígbà tá a sọdá Sèmè? Mo rò pé nítorí pé a ti gbà pé olùfúnni ni wá, kò sì sí aládùúgbò nínú ọ̀rọ̀ olùfúnni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìdáná Àlàájà ni mo ti ṣe Kérésì. Amìwọ̀ ni wọ́n sè. Tòmátò àti àlùbọ́sà ti dín, wọ́n da omi adìẹ lé e, ó hó, wọ́n wá ń fi ọwọ́ kan bu ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì rò ó títí tó fi pọ́n tó sì ń dán. Ó dé àárín, ó le, wọ́n na orógùn sí mi: "Gbà á. Àbí àlejò lo wá ṣe?" Mo rò ó, apá ń ro mí. Wọ́n ní kókó wà nínú ẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí oúnjẹ délẹ̀, wọ́n ní kí n gbàdúrà "gẹ́gẹ́ bó o ṣe ń gbà á," wọ́n sì ṣe àmín. Mi ò mọ iye ìwàásù tí ì bá gbé mi dé ibẹ̀.

Àwọn kaléta náà wọlé bá wa lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọdé tó fi ìbòjú bojú, tí wọ́n ń lu ìlù àti agolo, tí wọ́n ń ti ilé dé ilé jó gba owó ẹyọ. Mo gbọ́ tí aṣáájú olùyọ̀ǹda kan ń kìlọ̀ pé ká má ṣílẹ̀kùn fún eégún. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ló ń ṣeré, àṣà táwọn Àgùdà kó bọ̀ láti Brazil ni. Ẹ fún wọn ní 50 sẹ̀fà.

Mi ò ní parọ́ pé ilé ò sọ mí. Ní ìsìn òru ọjọ́ 24, èdè Ègùn ni wọ́n fi ń kọrin, mo mọ ohùn orin, mi ò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, omijé sì máa ń gbọ̀n mí lójú. Ti àwọn mìíràn tún ju tèmi lọ. Kérésì 2016 bá àwọn olùyọ̀ǹda inú ọkọ̀ ojú omi Africa Mercy ní èbúté Kùtọnù, àwọn èèyàn tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n ń fi owó bọ́ kí wọ́n lè tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò lè wọkọ̀ ní Sèmè lọ sílé.

Ẹ̀yin ìjọ tẹ́ ẹ ń rán àwọn ọ̀dọ́ jáde, ẹ gbé owó fìlà pupa yẹn sílẹ̀. Ẹ fi ra adìẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kó gbé e lọ sílé ẹnì kan tó mọ̀ ládùúgbò, kí wọ́n jọ sè é. Tí ẹnì kan bá sì wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án tó ní òun ò mọ ilé kankan tóun lè gbé adìẹ lọ, ẹ pè é wálé, kó wá ṣàlàyé irú iṣẹ́ tó ń ṣe láti ìgbà yẹn.