Ta ló ni rọ́tà tó wà ní pálọ̀ mi?

Íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mo ní iṣẹ́ kan tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí ojú mi sì rí kí n tó lè wọ inú ètò rọ́tà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, tí mo fi owó ara mi rà ni kò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́ títí di òní. Iná PON, tó ń fi hàn pé rọ́tà àti ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ń gbúròó ara wọn lórí wáyà fáíbà, ń tàn ní àwọ̀ ewé, iná pupa LOS tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí wáyà fáíbà bá já kò tàn rárá. Iná íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kú. Mo ṣí app tí àwọn tó ṣe rọ́tà náà ní kí á máa lò, ó ní òun kò rí rọ́tà kankan. Rọ́tà tí mo gbé ọwọ́ lé, tó ń gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi! Àṣé app náà kì í bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Ó ní láti gba orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wọn lókè òkun kọjá, bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìdáná tó sì ń ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n bá òun tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má yọ ọ́ títí ẹ ó fi ka mẹ́wàá." Mo dúpẹ́, mo sì pa fóònù. Mo tẹ ihò yẹn lọ́dún tó kọjá. Ńṣe ló nu gbogbo ohun tó wà lọ́pọlọ rọ́tà dànù, títí kan orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù PPPoE tó fi ń kan ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la sì fi jókòó kí ẹnikẹ́ni tó wá dá a padà.

Bẹ́ẹ̀ ojú ewé ètò rọ́tà kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì; inú rọ́tà fúnra rẹ̀ ló wà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ láti dé ibẹ̀, 192.168.1.1 nínú ilé tiwa, wà lára àwọn tí RFC 1918, ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan ti ọdún 1996, yà sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí wáyà abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, ojú ewé yẹn ì bá ṣí fún ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọmọ alájọgbé wa tó wá gba ṣájà ló wo fóònù mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ní, "Bọ̀dá, ẹ pa dátà yín." Fóònù mi ti rí i pé Wi-Fi kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti yà bàrá sórí dátà láìsọ fún mi, ó sì ń wá rọ́tà pálọ̀ mi kiri ìgboro. Mo pa dátà, mo fi http:// síwájú nọ́ńbà náà, ó ṣí. Ó wá béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sára bébà tó wà nídìí rọ́tà kò wọlé, nítorí pé ẹni tó wá so ó nílé wa ti yí i padà.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà. Mo pe ọ̀gbẹ́ni náà. Ó ní, "Ọ̀gá mi, òfin iṣẹ́ ni. Àwọn kọ́sítọ́mà máa ń bà á jẹ́." Mo bi í pé ṣé bíríkìlà tó bá kọ́ ilé fún èèyàn a tún máa mú kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ, kí onílé má baà ba ògiri jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú yín yóò fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ààbò fún mi; ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Nígbà tó rí i pé n kò ní í jẹ́ kí òun sùn, ó fi páásíwọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́. Mo wọlé bí ọba. Orúkọ PPPoE wà níbẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún ni wọn kò ti dá rọ́tà lóhùn, íntánẹ́ẹ̀tì sì padà fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá òru. Ṣùgbọ́n kí ó tó padà, kí wíwọlé mi má baà já sí asán, mo yí channel Wi-Fi, ìyẹn ojú ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, kúrò ní 6 sí 13, nítorí mo rò pé 13 pọ̀ ju 6 lọ. Láti àárọ̀ Sọ́ńdè ni tẹlifíṣọ̀n Màámi kò ti rí Wi-Fi ilé mọ́. Ọmọ alájọgbé wa ní àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kì í rí ohun tó bá wà lórí 12 àti 13. Mo mọ bí mo ṣe lè dá a padà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ohùn ọ̀gbẹ́ni yẹn ni mò ń gbọ́, n kò sì tíì sọ fún Màámi pé èmi ni.