Ẹ yé wàásù owó ìfipamọ́ fún ìyá wa

Àwọn ọmọ báńkì kan tún gbé gbohùngbohùn wá sọ́jà Kabba lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà wí pé wọn kì í fowó pamọ́. Ta ni kì í fowó pamọ́?

Àbúrò ìyá mi, tí à ń pè ní Màmá, fi pamọ́. Ẹ rántí àsìkò káṣú 2023, náírà tuntun ò sí níta, ọ̀pọ̀ ò gba tàtijọ́ mọ́. Oníṣòwò tó wá ra káṣú wọn ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, tíráńsífà ló ṣe fún wọn. Bí owó wọn ṣe wọ báńkì nìyẹn. Páànù ilé ni wọ́n fẹ́ fi rà, wọ́n ní kí òjò dá ná. June dé, CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ lé fúnra rẹ̀. Dọ́là tó wà ní bíi ₦470 nílé ìjọba, ó ti kọjá ₦1,500 ní February 2024. Owó páànù náà ò kúkú dúró de ẹnì kan.

Owó tó yẹ kó bo gbogbo ilé, pálọ̀ àti yàrá kan ló bò. Tapólín ló ṣì wà lórí ìyókù. Báńkì ò sì jí kọ́bọ̀ o, yàtọ̀ sí owó álàátì tí wọ́n ń yọ. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ dáadáa!

Ẹ má sọ fún mi pé CBN ti gbé èlé sókè. Ó dé 27.5% ní November 2024. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lòfin ní kí báńkì san fún ẹni tó fowó pamọ́, kò tó 9%. Oṣù yẹn kan náà, ọjà fi ohun tó lé ní 34% wọ́n ju tọdún tó ṣáájú lọ. Ìjọba tó ti jẹ CBN ní gbèsè tírílíọ̀nù 22.7 náírà nígbà tó fi di 2023, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gbohùngbohùn lọ bá wọn. Owó tí CBN láwọn fi yá àgbẹ̀ láti 2015 ńkọ́? Èwo nínú ìrẹsì ló dínwó ní 2024?

Èmi ti sọ fún Màmá pé owó káṣú tó bá tún dé, ọjà ni kí wọ́n fi rà, tàbí ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹnu lásán ni. Ajínigbé ò jẹ́ kí òun dé oko káṣú tòun mọ́, sìmẹ́ńtì tóun sì rà pamọ́ ti dì gbagidi. Mi ò rí èsì fọ̀ fún un. Báyìí owó tọdún yìí ti wọlé, Màmá ń pè mí, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé náírà ti ń le díẹ̀, ṣé káwọn ṣì dúró ni. Ẹ̀yin, kí lẹ fi tiyín rà?